Ìgbálẹ̀ Lábẹ́ Arère

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ní ìdájí, inú mi kì í dùn sí i. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ìró yẹn ló ń jí gbogbo àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, kí ẹnikẹ́ni tó dáná ẹ̀kọ. Ilé ìjọba ni a ń gbé, ilé mẹ́jọ tó dojú kọra wọn, gbogbo obìnrin àti ọmọbìnrin inú wọn ni í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n á máa fi ìgbálẹ̀ họ ilẹ̀ pupa títí ilẹ̀ á fi máa dán. Bàbá mi á wá jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, á wo ilẹ̀ náà bí ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe ń wo ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Bí ó bá rí ewé kan ṣoṣo, á kàn fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí i, á sì máa run pákò rẹ̀ lọ. Èmi ni mo máa ń sáré lọ ṣa ewé náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbà pé ẹni tó bá mọ ilẹ̀ gbá jù ni Ọlọ́run fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí mo mọ̀ ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí, wọn kò sì ní ti ọmọdé láti fi ṣe àwíjàre.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàbá mi. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa ṣì tuntun nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú, nítorí náà ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó mọ̀wé ń kó lọ, láti Ọ̀wọ̀, láti Ìkàrẹ́, láti Òkìtìpupa, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò lórí mọ́tò. Àga pọ̀ ju ẹni tí yóò jókòó lé e lọ. Orí ọ̀kan nínú àwọn àga bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi Bàbá mi sí, ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ní ó ń rí sí ẹwà ìlú. Ẹ má bi mí ohun tí ẹwà ìlú jẹ́. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni ọ̀dà funfun. Igi yòówù tó bá ṣe àṣìṣe láti hù sí etí ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà, wọ́n á kùn ún ní funfun láti ìdí dé ìbàdí, á wá dà bí ọmọ ilé-ìwé tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á to òkúta yí i ká, wọ́n á kun òkúta náà. Bí o bá dúró pẹ́ jù níbẹ̀, wọ́n lè kun ìwọ náà. Bàbá mi máa ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀dà léèékánná, inú rẹ̀ á máa dùn, á ní ìlú ti ń di ìlú.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi, a máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó. Màmá Oǹdó ni gbogbo àwa ọmọ ń pè é. Ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé ti ń tán tí oko kòkó ti ń bẹ̀rẹ̀. Iwájú ilé ni ojúde, ẹ̀yìn ilé sì ni igbó kékeré kan tí bàbá bàbá mi dá sí nígbà tó ń gé igbó ibi tó kù láti gbin kòkó. Igi arère márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ga débi pé fìlà á bọ́ lórí ẹni tó bá fẹ́ wo ṣóńṣó wọn, ìdí wọn sì ya sílẹ̀ bí ògiri kéékèèké tí a máa ń sá pamọ́ sí láàárín. Lábẹ́ wọn ni ewé eéran ti ń hù, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, tí kì í fẹ́ oòrùn rárá, abẹ́ òjìji ni í ti í rọ́mú. Màmá Oǹdó á já a láàárọ̀, á dì í ní ìdìdì, àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ tà á wá rà á lẹ́yìnkùlé. Ewé yìí ló fi rán Bàbá mi níwèé, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun igi ní ọ̀dà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí, nítorí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé.

Èdè Oǹdó ponbele ni ìyá àgbà yìí ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé-ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí kí gbogbo ènìyàn lè kà á. “Ugi” nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un, bó ṣe ń pe igi nìyẹn, n kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Òfin kan ló wà nílé rẹ̀ fún àwa ọmọbìnrin tó bá mú ìgbálẹ̀. Ó ní iwájú ilé ni ti èèyàn, kí a gbá a. Ẹ̀yìn ilé ni ti ugi, kí a fi í sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ mi a máa rì sínú ewé gbígbẹ dé ọrùn ẹsẹ̀ níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ ojúde bá gbóná tí a kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, bí mo bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ á tutù, á sì rin bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Nígbà òjò, kòkòrò arère, àwọn onírun wọ̀nyẹn tó ń ṣe òwú sányán, á jẹ ewé orí igi títí ẹ̀ka á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò, wọ́n á wá tò tẹ̀lé ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Màmá Oǹdó á kó wọn sínú igbá, á yan wọ́n nínú eérú gbígbóná títí irun ara wọn á fi jó dànù, á bu iyọ̀ sí i, a ó fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Kí oṣù méjì tó pé, arère á ti rú ewé tuntun, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi tó dàgbà lórí kòkòrò yìí kì í fẹ́ rí i mọ́. Bí ó bá bá wa níbi tí a ti ń jẹ ẹ́, á fi ọwọ́ bo imú, á ní kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ará Àkúrẹ́ gbọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bí òjò ṣe ń lọ sílé, Bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ìròyìn. Ọ̀gá wọn pátápátá, ẹni tí a kì í dárúkọ nílé wa, Ọ̀gá lásán ni a ń pè é, ní òun ń bọ̀ wá síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó, òun á sì yà kí ìyá òun. Ìyá Bàbá mi ló di ìyá Ọ̀gá lójijì bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò sùn dáadáa mọ́. Ó ní níbo ni wọn yóò gbé Ọ̀gá jókòó sí? Ṣé nínú ilé tó ṣókùnkùn yẹn? Ìyá mi ní ojúde tóbi tó. Bàbá mi ní oòrùn wà ní ojúde. Ìgbà tó wá ronú kan igbó ẹ̀yìn ilé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òun á sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, irú èyí tí wọ́n ní ní ìlú òyìnbó. Kò dé ìlú òyìnbó rí. Kàlẹ́ńdà ló ti rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkórè, ó kó àwọn lébìrà wá láti Àkúrẹ́. Wọ́n bẹ́ gbogbo ewé eéran mọ́lẹ̀, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀ kí ó má baà hù mọ́. Wọ́n gé gbogbo gbòǹgbò arère tó yọrí sókè ilẹ̀, nítorí Bàbá mi ní Ọ̀gá lè fẹsẹ̀ kọ. Típà wọlé láàárín igi, ó da yẹ̀pẹ̀ pupa sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi igi ńlá gún un mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí ilẹ̀ yàrá. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ìjókòó yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká, ó fún mọ́ ọn bí ẹ̀wù ọmọdé lọ́rùn àgbà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà funfun dé. Màmá Oǹdó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Akin, ta ló ní kí o wẹ igbó?”

Bàbá mi ní ọ̀làjú ni. Ó ní kí ìyá òun fọkàn balẹ̀, ibẹ̀ á mọ́ tónítóní.

“Ewé tó bọ́ sílẹ̀ yẹn, oúnjẹ wọn ni,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Òun náà ni aṣọ tí ilẹ̀ fi ń bora nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá gbá a dànù, kí ni ugi óò jẹ?”

Bàbá mi yí sí àwọn lébìrà, ó ní ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi wí, ó ní igi ń jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ ẹni tó gbé òun wá síbi iṣẹ́.

Ẹni tó wá gbá ewé náà ńkọ́? Èmi ni. Kí típà tó da yẹ̀pẹ̀ ni Bàbá mi ti fún mi ní ìgbálẹ̀ tuntun, mo sì gbá abẹ́ arère fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ewé ọdún gbọọrọ, òkè rẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí òjò, ó kún fún ekòló tí adìẹ ń bá mi kó. Mo rántí pé mo rí gbòǹgbò tín-tìn-tín funfun láàárín ewé tó jẹrà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, bí òwú. Mo fi ìgbálẹ̀ já wọn. A kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìdí arère tó tóbi jù, Bàbá mi ṣáná sí i, ó ń jó bùkù bùkù fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí èèpo igi náà dúdú, wọ́n fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo wọn, ó ní, “Ọmọ mi nìyí.” Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá Oǹdó kò bá mi wí. Ó kàn wo ọwọ́ mi tó ti bó, ó fi adí pa á.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ ìkórè. Ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, ó dìde, ó ní ó gbóná ní ìdí. Ó mu mọ́ọ̀tì ìgò kan, ó jẹ itan adìẹ kan, ó wo òkè, ó ní igi yìí mà dára o, ó ní ó dà bí òkè òkun. Ó bi Bàbá mi léèrè pé igi kí ni. Bàbá mi, ọmọ igbó yẹn, ní òun á lọ wádìí. Kí wọ́n tó gún iyán tán, Ọ̀gá ti wọ mọ́tò rẹ̀. Mo ti gbé ìgbà púpọ̀ láyé láti ìgbà yẹn, mo ti rí ẹni tó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lélẹ̀ fún ohun tó tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi igbó bàbá rẹ̀ tọrọ ojúrere lọ́wọ́ ẹni tí kò dúró jẹ iyán, Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ mú. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń fọ́ ètè lásán. Ó mú títí kànga fi gbẹ, iná oko ń jó láti ọ̀nà jíjìn, eérú ń fò wá bà lé aṣọ tí a sá. Arère wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, èmi sì gbá a dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí Bàbá mi ní ọgbà gbọ́dọ̀ máa mọ́, Ọ̀gá lè tún yà. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n gún yẹn gbóná bí agbada. Ó sán, mo lè ki ìka bọ inú sísán rẹ̀, inú náà gbẹ. Nígbà tí òjò dé nígbẹ̀yìn, ó pẹ́, ó sì jẹ́ òjò alágbára. Omi kò ráyè wọlẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí ojú títì bí ẹni tí wọ́n lé jáde. Igi àwọn ará àdúgbò rú ewé. Arère mẹ́rin rú díẹ̀díẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ tó pupa létí. Èyí tó tóbi jù kò rú rárá. Láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ̀ka kan, ẹ̀ka kejì, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ewé eéran mọ́. Àwọn obìnrin tó ń rà á wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò wá mọ́. Nígbà tí òjò wá kún dáadáa, lẹ́búlẹ́bú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára igi láti ojú ihò kéékèèké, olú funfun sì hù sí ìdí rẹ̀ lẹ́bàá sìmẹ́ǹtì, ewé wẹ́wẹ́ àwọn mẹ́rin tó kù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Bàbá mi wò ó, ó gbọn orí bí dókítà, ó ní kòkòrò ni. Ó ní kòkòrò onírun tí ìyá òun ń tọ́jú láti fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pa igi. Lọ́dún yẹn, kòkòrò onírun kan ṣoṣo kò wá. Ewé wo ni wọn ì bá wá jẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní tábìlì níbi iṣẹ́ kì í nílò ẹ̀rí. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn kòkó wá, ó fín ìdí igi márààrún títí adìẹ méjì fi kú. Ìgbà tó padà sí Àkúrẹ́ ni Màmá Oǹdó mú àdá kékeré, ó pè mí lọ sí ìdí arère ńlá. Ó fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ líle yẹn, ó fi orí gbòǹgbò tí wọ́n gé hàn mí, ó ti jẹrà wọnú. Ó ní ugi tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ omi rẹ̀, tí ọyẹ́ wá bá a níhòòhò, kò ní agbára láti lé kòkòrò mọ́. Ó ní nígbà tí ara rẹ̀ le, oje ni í fi í pa àwọn tó bá fẹ́ lu ihò sí i lára. “Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́,” ló wí, ó sì bo gbòǹgbò náà padà. Mo bi í pé ta ló la ògiri. Ó wo ìgbálẹ̀ mi tó fara ti sìmẹ́ǹtì, ó ní kí n lọ wo iná ọbẹ̀.

Ní Oǹdó bí ní ibòmíràn, igi kì í kú kí ẹnu ó dákẹ́. Àwọn ará àdúgbò tó rí típà nígbà tó wọlé, tí wọ́n wá wo ọ̀dà funfun tí wọ́n sì yìn ín, gbàgbé típà kíá. Wọ́n ní igi márùn-ún kì í ṣàdédé kú lẹ́yìnkùlé ìyá arúgbó. Wọ́n ní wọ́n ń rí i níbẹ̀ ní ìdájí tó ń bá igi sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ti ń já ewé, nígbà yẹn kò sí ẹni tó pè é ní àjẹ́, nítorí wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ẹgbẹ́ aládùúrà àwọn obìnrin ìjọ dé, obìnrin mẹ́fà pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìwé orin. Bàbá mi wà nílé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ó kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n fún wọn lómi.

Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, “Màmá, ìfẹ́ ló gbé wa wá. Bí nǹkan kan bá wà lọ́wọ́ yín tó ń jẹ igi, tí ẹ kò fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀. Ọlọ́run aláàánú ni.”

Ojú Màmá Oǹdó kò kúrò lára Bàbá mi láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń ní kí ọmọ òun bá òun mú omi.

“Akin, sọ fún wọn.”

Gbogbo wa wo Bàbá mi. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló máa gbà: èmi ni mo ṣe é. Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un dé. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fèrèsé wà, igi tó kùn ní ọ̀dà sì hàn kedere lójú fèrèsé náà, típẹ́típẹ́. Ó dìde, ó tẹrí ba.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ló wí.

Wọ́n sì gbàdúrà. Wọ́n pariwo lé ìyá àgbà yẹn lórí fún wákàtí kan, wọ́n lé ẹ̀mí àìmọ́ kúrò lára ẹni tó mọ́ jù wọ́n lọ nílé náà. Gbogbo wọn di ojú, Bàbá mi di tirẹ̀ jù. Màmá Oǹdó kò di ojú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi náà kò di ojú, àwa méjèèjì sì ń wo ara wa. Mo mọ ẹni tó gé gbòǹgbò, mo mọ ẹni tó mú ìgbálẹ̀. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi, mo sì fi ẹ̀kọ́ náà bo ẹnu mi. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọjọ́ yẹn ni òwe yìí yé mi.

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti gé arère márààrún, àwọn onípákó kó wọn lọ. Bàbá mi kọ̀ láti wá wò ó, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́fíìsì. Màmá Oǹdó gbé ọdún mẹ́fà sí i láyé nínú ilé tí oòrùn ti ń wọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí àga tó kẹ́yìn ló ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó tì í. Bí Bàbá mi bá dé, ìyá rẹ̀ á fún un lóúnjẹ, á bi í léèrè nípa iṣẹ́, á gbàdúrà fún un. N kò tún gbọ́ kí Màmá ní kí ọmọ rẹ̀ sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí wọ́n sìnkú rẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ ló dá orin sílẹ̀, Bàbá mi sì ka ìtàn ayé rẹ̀ pẹ̀lú gèésì dáadáa. Ó ní ìyá òun fẹ́ràn ẹ̀dá Ọlọ́run. Ìgbà yẹn ni mo jáde lọ dúró lábẹ́ oòrùn.

Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé nísinsìnyí, mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Mo rí èso arère nínú oko kòkó kan lọ́nà Ìlárá-Mọ̀kín, mo gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé mi, ó ti ga ju òrùlé lọ tipẹ́. N kì í gbá abẹ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo ojúde wọn láti ògiri dé ògiri, tí wọ́n ń ké pé ooru fẹ́ pa àwọn, ń pè mí ní ọ̀bùn. Wọ́n ní olùkọ́ àgbà, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ dà bí ààtàn. Mo gbà. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ kan tó ń gbin igi. Lọ́dọọdún wọ́n á wọ fìlà, wọ́n á di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ igi kékeré mú, wọ́n á ya fọ́tò, òun á rí i pé òkúta tó yí wọn ká funfun dáadáa. Mi ò tíì rí ẹni tó padà lọ bomi rin wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ooru inú ọgbà sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ní Àkúrẹ́ fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, mo lọ gbé e wá sílé mi. Mo gbé àga sí abẹ́ arère fún un.

Ó jókòó, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó wo ilẹ̀, ó wo ewé tó bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí i.

“Dúpẹ́, mú ìgbálẹ̀ wá kí o gbá abẹ́ ibí yìí.”

Mo ní, “Rárá, sà.”

N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láyé mi. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó wá wo ẹ̀yìn mi, ó wo igi náà láti ìdí lọ dé òkè, títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sínú ewé. N kò bá a mú un. Ó bọ́ awò ojú, ó fi etí aṣọ nù ún, mo sì mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ló wí, bí ẹni pé àwa méjèèjì pọ̀ níbẹ̀. Ó tẹrí ba, ó di ojú. Èmi kò di tèmi. “Ọlọ́run, èmi ni mo pa igi ìyá mi. Èmi ni, kì í ṣe òun.”

Ó ń retí mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti mọ̀ láti ọjọ́ tí típà ti wọlé. Obìnrin mẹ́fà ló yẹ kó sọ ọ́ fún, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìwé orin, ìyá rẹ̀ sì jókòó láàárín wọn tó ń wò ó. N kò ṣe àmín.